Taurine ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, àmọ́ ẹ béèrè pé mélòó

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò màmá mi pè mí láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjà Ọba. Àlàájà ni gbogbo wa ń pè é. Àǹkárá ló ń tà, kì í sì í ṣe ẹni tó ń pe èèyàn lọ́sàn-án gangan nígbà tí oníbàárà wà níwájú, torí náà ọkàn mi ti fò kí n tó gbé fóònù. Ó ní, "Ìwọ tó ò ń kàwé sáyẹ́ǹsì, kí ni wọ́n ń pè ní taurine?"

Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ẹ́nájì dríǹkì ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló gbé e sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wọn pé kápúsù taurine máa ń fọ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, pé ìwádìí ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀, pàápàá fún àwọn tí ara wọn wúwo. Àlàájà ti ra ìgò méjì. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni gbólóhùn tó fi kún un: "Mo ti gbé oògùn tí dókítà fún mi yẹn tì ná. Èyí ò ní kẹ́míkà nínú."

Ọmọ ọdún 54 ni Àlàájà. Ó sanra, ìyá tó bí òun àti màmá mi sì ti ṣe àìsàn rọpárọsẹ̀ kó tó kú. Nígbà tó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn, láìjẹun láàárọ̀, triglyceride rẹ̀ jẹ́ 2.9. Ó yẹ kó wà lábẹ́ 1.7. Ẹ bá mi di nọ́ńbà 2.9 yẹn mú, a máa padà sórí rẹ̀.

Bayokẹ́mísìrì ni mò ń kà fún másításì níbí ní Ìlọrin, eku sì ni mò ń bá ṣe wàhálà láti àárọ̀ dalẹ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè sọ fún Àlàájà pé irọ́ ni wọ́n pa fún un. Ká ní irọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ kékeré ni, òótọ́ kékeré sì ṣòroó bá jà ju irọ́ ńlá lọ.

Ẹ jẹ́ ká mọ nǹkan tí à ń sọ ná. Ní 1827 ni àwọn ọmọ Jámánì méjì, Friedrich Tiedemann àti Leopold Gmelin, rí taurine nínú òróòro màlúù. Òróòro yìí kan náà ni, tí àwọn alápatà wa ní Ìpàtà máa ń rọra yọ kó má baà bẹ́ sára ẹran. Orúkọ akọ màlúù ní èdè Látìn, taurus, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Tánkè ti mú u pé àtọ̀ màlúù ni wọ́n ń dà sínú ẹ́nájì dríǹkì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó wà nínú agolo àti nínú kápúsù lónìí, màlúù kankan ò mọ̀ nípa rẹ̀. Àlàájà tó ní kò sí kẹ́míkà nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ máa ń ṣe taurine, a sì tún ń jẹ ẹ́ nínú ẹran àti ẹja. Èwe àti ewébẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní i rárá. Ológbò ò lè ṣe èyí tó tó o nínú ara rẹ̀. Bí kò bá rí ẹran jẹ, ojú rẹ̀ lè fọ́, ọkàn rẹ̀ sì lè dẹ̀. Èèyàn àgbà ò rí bẹ́ẹ̀.

Kí wá ló kàn án pẹ̀lú ọ̀rá? Cholesterol ni ẹ̀dọ̀ máa ń fi ṣe àwọn ásíìdì tó wà nínú òróòro. Bó bá ṣe é tán, á so taurine mọ́ ọn, tàbí glycine, á wá dà á sínú ìfun kó lọ ká ọ̀rá oúnjẹ, bí ọṣẹ ṣe ń ká epo kúrò lára abọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń padà sínú ẹ̀dọ̀, díẹ̀ ń bá ìgbẹ́ lọ. Ẹ̀dọ̀ á wá tún fa cholesterol mìíràn látinú ẹ̀jẹ̀ láti fi dí àlàfo náà. Bí taurine bá pọ̀ sí i, èrò àwọn onímọ̀ ni pé iṣẹ́ yìí á yá sí i, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ á sì fúyẹ́. Tí ẹ bá rí i lára eku, ẹ máa pàtẹ́wọ́. Ó dára bí nǹkan tí wọ́n yà sínú ìwé.

Àmọ́ eku ni. Taurine ni ẹ̀dọ̀ eku ń so mọ́ òróòro rẹ̀ jù, glycine ibẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ̀dọ̀ èèyàn yí i padà: glycine ló pọ̀ jù nínú tiwa, bíi mẹ́ta sí ọ̀kan. Nítorí náà nígbà tí ẹ bá ka ìròyìn pé taurine fọ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ eku, ẹ rántí pé ẹ̀rọ tí wọ́n tẹ̀ lára eku yẹn, tiwa kì í fi gbogbo ara lò ó. Èmi tí mò ń fi eku jẹun ni mò ń sọ ọ́ yìí o. Mi ò sì sọ pé iṣẹ́ eku ò wúlò. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ebenezer Farombi àti Isaac Adedara pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn ti ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ lórí taurine lára eku, lára eku tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu pàápàá, wọ́n sì rí i pé ó ń dáàbò bo ẹ̀yà ara. Iṣẹ́ gidi ni. Ó kàn jẹ́ pé ibi tí eku parí sí ni ọ̀rọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ti èèyàn náà wà. Ní 2004, Zhang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó akẹ́kọ̀ọ́ 30 jọ tí wọ́n sanra ṣùgbọ́n tí wọn ò ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n fún àwọn kan ní gíráàmù taurine 3 lójúmọ́, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà á ò sì mọ èwo ni èwo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 7, triglyceride àwọn tó lo taurine wálẹ̀, wọ́n sì fọn díẹ̀. Ìwádìí yìí ni WhatsApp Àlàájà ń tọ́ka sí láìdárúkọ rẹ̀. Mo kà á. Wọ́n ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n èèyàn ni, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni wọ́n. Kíláàsì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní pírátíkà ju ìyẹn lọ.

Ẹ tún wo èyí tó tóbi. Ní 2024, àwọn onímọ̀ láti Taiwan kó ìwádìí 25 jọ, èèyàn 1,024 ló wà nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n da gbogbo àbájáde pọ̀ wọ́n sì ṣírò ó. Taurine dín triglyceride kù. Ó dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù díẹ̀, ó dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù díẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe ohunkóhun fún HDL, ìyẹn cholesterol tí wọ́n ń pè ní èyí tó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mélòó ló wá fi dín triglyceride kù? Nǹkan bíi mílígíráàmù 18 nínú ẹ̀jẹ̀ dẹsilítà kan. Bí a bá yí i sí ìwọ̀n tí láàbù tó yẹ Àlàájà wò lò, 0.2 ni.

Ẹ yọ 0.2 kúrò nínú 2.9.

Ó ku 2.7. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí ìgò méjì yẹn lè ṣe, bó bá ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ bó ṣe ṣiṣẹ́ lára ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú ìwádìí. Ẹnì kan lè sọ pé ẹni tí tirẹ̀ ga lè rí ju ìyẹn lọ. Mo gbà, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di méjì, 0.4. Ó ku 2.5. A ò tíì dé tòsí 1.7 rárá.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ohun mìíràn tí kò ní ìgò. Bí ẹni tó sanra bá fọn ní ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, triglyceride rẹ̀ máa ń wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn lára 2.9 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.6, ìlọ́po mẹ́ta iṣẹ́ taurine. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti fọn. Mo mọ bí ọjọ́ Àlàájà ṣe ń lọ: kẹ̀kẹ́ Márúwá láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ìjókòó láti aago mẹ́jọ títí di ìrọ̀lẹ́, búrẹ́dì funfun láàárọ̀, mọ́ọ̀tì tútù méjì nínú oòrùn, tùwó alẹ́ tó jinlẹ̀. Nínú gbogbo ìyẹn, mọ́ọ̀tì ni mo kórìíra jù. Ṣúgà tí ara ò rí lò ni ẹ̀dọ̀ máa ń sọ di triglyceride, tó ń kó sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń mu mọ́ọ̀tì méjì lójúmọ́ tó sì ń fi kápúsù lé e dà bí ẹni tó ń gbọ́n omi jáde nínú ilé nígbà tí ẹ̀rọ omi ṣì wà ní ṣíṣí.

Ibi yìí ni mo fẹ́ bá àwa ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń rò. Ó wà nínú ẹ́nájì dríǹkì, àbí? Ó wà. Agolo Red Bull mílílítà 250 ní gíráàmù taurine 1. Láti rí 3 tí wọ́n lò nínú ìwádìí 2004, agolo mẹ́ta lẹ máa mu. Nínú agolo mẹ́ta yẹn, ṣúgà tó lé ní gíráàmù 80 wà níbẹ̀, ìyẹn ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì bí ogún, pẹ̀lú káfíìnì mílígíráàmù 240. Ẹ̀dọ̀ yín á máa fi ṣúgà náà ṣe ọ̀rá lọ́wọ́ kan, taurine á máa gbìyànjú láti kó o lọ lọ́wọ́ kejì. Ẹ mọ ẹni tó máa borí. Mi ò lè bọ́ nínú ẹ̀bi yìí ṣá: ní alẹ́ tí mo bá fẹ́ pa àwọn dátà mi pọ̀, ẹ máa rí agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mi. Mi ò kàn pè é ní oògùn ni.

Bẹ́ẹ̀ ni mi ò bá àwọn tó ń pariwo pé jìbìtì ni taurine lọ. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ wa kan rí, inú mi ò dùn. Yukio Yamori ti Jàpáànù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó ìtọ̀ àwọn èèyàn jọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Tanzania wà lára wọn, tí wọ́n sì rí i pé níbi tí taurine inú ìtọ̀ bá pọ̀ sí, àrùn ọkàn kì í pa èèyàn tó bí ó ṣe ń pa wọ́n níbòmíràn. Àwọn ọmọ Jàpáànù, ajẹja paraku, ló ṣíwájú. Àmọ́ ẹni tó ń jẹ ẹja púpọ̀ kì í jẹ taurine nìkan. Ó ń jẹ òróró ẹja náà, tí òun fúnra rẹ̀ máa ń dín triglyceride kù, àwo tó sì gbé ẹja sí, kò gbé nǹkan mìíràn síbẹ̀. Fún wa níbí, ìyẹn túmọ̀ sí Tíítù lọ́jà, tàbí ẹja odò tí wọ́n ń kó wá láti Jẹ́bà àti Pàtígì. Bí ẹ bá ń wá taurine tí mo lè fọwọ́ sí láìbèèrè ìwé, ó wà nínú ọbẹ̀. Ẹ má kàn dín in nínú òróró tó ti dúdú.

Ọ̀rọ̀ oògùn tí Àlàájà gbé tì ló ká mi lára jù. Atorvastatin ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó dúró lẹ́yìn irú oògùn yẹn wé ohun tó dúró lẹ́yìn kápúsù. Ní 1994, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan jáde ní apá àríwá Yúróòpù, lórí simvastatin, ọmọ ìyá atorvastatin. Aláìsàn ọkàn 4,444 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún ọdún tó lé ní márùn-ún. Ikú dín kù ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe nọ́ńbà orí ìwé láàbù nìkan ló wálẹ̀. Àwọn tó yẹ kó kú ló wà láàyè. Àlàájà ò tíì ní àrùn ọkàn, torí náà mi ò ní sọ pé èrè tirẹ̀ á tó ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ìwádìí kankan tó fi hàn pé taurine dá ikú tàbí rọpárọsẹ̀ dúró. Ọ̀sẹ̀ méje lára akẹ́kọ̀ọ́ ò lè sọ ìyẹn fún wa.

Ẹ ò ní gbà gbọ́, ẹni tó ta ìgò náà fún Àlàájà, mo mọ̀ ọ́n. Kíláàsì kan náà la jọ wà nígbà tí a ń ṣe digirí àkọ́kọ́. Ó mọ ìwé jù mí lọ nígbà náà, òun ló kọ́ mi ní bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣe òróòro lálẹ́ ọjọ́ ìdánwò. Mo pè é, ohùn mi ò sì tutù. Ó ní, "Ṣé irọ́ ni mo pa? Ìwádìí wà, mo kà á." Òótọ́ ló sọ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ iye tó fi ń dín in kù síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló máa ra 0.2?"

Mi ò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ó ti ń wáṣẹ́ láti ìgbà tó ti sìnrú ìlú tán, mo mọ̀. Mi ò sì lè fi gbogbo ẹnu bú u, nítorí èmi náà ti kọ ọ́ sínú áfísíràkì rí pé nǹkan "dín kù gidigidi" láìsọ iye rẹ̀. Gbogbo wa la ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà "gidigidi" nínú ìwé ìwádìí kì í sọ pé nǹkan pọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ó ṣòro kó jẹ́ pé èèṣì ló fà á. Bí ó bá ti kúrò nínú ìwé tó dé WhatsApp, ó ti di ohun tó ń gba ẹ̀mí là.

Irú ẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ sí taurine àti ọjọ́ ogbó. Ní 2023, ìwé ìròyìn Science gbé iṣẹ́ kan jáde pé taurine ń dín kù nínú ara bí ẹ̀dá ṣe ń dàgbà, pé eku tí wọ́n fún ní taurine pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Gbogbo ayé pín in. Ní 2025, Science kan náà gbé iṣẹ́ mìíràn jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ NIH ní Amẹ́ríkà: nígbà tí wọ́n wọn taurine inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ọ̀bọ àti eku, kò dín kù bí wọ́n ṣe ń dàgbà, nígbà mìíràn ṣe ló ń ga sí i. Àkọ́kọ́ dé sórí fóònù mi lẹ́ẹ̀mẹrin láti ọwọ́ ẹbí. Ìkejì, èmi ni mo lọ wá a.

Ṣé mò ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo taurine? Rárá. Gíráàmù 3 lójúmọ́ kò ṣe àwọn tó wà nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyí ní jàm̀bá kan tó ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa kò gbọdọ̀ dán an wò láìbá dókítà sọ̀rọ̀, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà gbọ́dọ̀ sọ fún wọn, nítorí òun náà ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ìgò Àlàájà ò sì ní nọ́ńbà NAFDAC kankan lára. Mo yí i padà yí i bọ̀, kò sí. Ta ló mọ̀ bóyá taurine wà nínú rẹ̀ pàápàá?

Ohun tí mo fẹ́ ni kí a dán an wò níbí. Taurine ò wọ́n, kò sì sí ilé iṣẹ́ tó lè sọ pé òun nìkan ló ni ín, ìyẹn ni kò jẹ́ kí olówó ńlá kankan ná owó lé e lórí. Àwọn tó sanra tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn ga ń jókòó ní kílíníìkì ìlú yìí lójoojúmọ́. Ìbàdàn ti ṣe apá ti eku. Ká kó ọgọ́rùn-ún méjì èèyàn bíi ti Àlàájà, àwọn tó ń jókòó ta ọjà tó ń jẹ tùwó, ká fi taurine kún oògùn wọn dípò kí a fi rọ́pò rẹ̀, ká tẹ̀ lé wọn fún ọdún kan. Bí àbájáde rẹ̀ bá jẹ́ 0.2, ká kọ ọ́ pé 0.2. Bí ó bá jẹ́ 0.6, èmi ni màá kọ́kọ́ rà á fún un.

Mo lọ sí Ọjà Ọba ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. A na ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń ná ọjà. Àlàájà béèrè pé ta ló máa dá owó ìgò méjì padà fún òun, mo sì dákẹ́. Nígbẹ̀yìn ó gbà pé òun á padà sórí oògùn dókítà. Ó gbà pé mọ́ọ̀tì á di ọ̀kan lọ́sẹ̀, àmọ́ ọmọ tó ń bá a tajà ti fi ojú sọ nǹkan mìíràn fún mi. Ìgò kan ti wà lọ́wọ́ mi, mo ń wá ẹni tó máa bá mi wọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta sí ìsinsìnyí ló máa tún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe, mo sì ti sọ fún un pé èmi ni màá sìn ín lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó má baà jẹ àkàrà lọ́nà.